Óákù Ni Mo Ń Wá, Ìdígbó Ni Mo Rí

Oṣù kẹjọ tí wọ́n kan kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná wa mọ́ ògiri ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí gààrí tí a bu omi sí. Páìpù abẹ́ síńkì ló ń jò díẹ̀díẹ̀, a kò sì mọ̀. Nígbà tí a ó fi mọ̀, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà kò ṣeé tì mọ́. Bébà aláwọ̀ igi tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára ti ń ṣí kúrò ní etí, ohun tó sì wà lábẹ́ bébà náà kì í ṣe igi kankan tí mo mọ orúkọ rẹ̀. Ìyẹ̀ pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò pọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀, “óákù gidi” ni ẹni tó tà á fún wa pè é, owó óákù gidi ni ó sì gbà lọ́wọ́ wa.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe owó náà lásán. Ilé alájà mẹ́ta ni a ń gbé ní Àpápá, kò jìnnà sí Marine Road. Lórí fóònù ni mo ti kọ́kọ́ rí ilé ìdáná tí wọ́n fi igi óákù ṣe: àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin, ìlà ara igi náà hàn kedere, gbogbo nǹkan tò létòlétò. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti kúrò lára rẹ̀. Ọkọ mi rán mi létí pé owó tí mo fẹ́ ná yìí ni a ń tọ́jú láti fi pààrọ̀ páànù òrùlé ilé ìyá mi ní Ajégúnlẹ̀. Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, pé òrùlé náà yóò dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Òrùlé kò dúró dè wá. Òjò oṣù kẹfà gba inú rẹ̀ wọlé láti òkè, àgbàrá sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ajégúnlẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, àti pé bí òjò bá rọ̀ fún wákàtí mélòó kan, ọ̀pọ̀ òpópónà ní í di odò. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni màmá mi kó aṣọ díẹ̀ sínú àpò, tí ó wọ kẹ̀kẹ́ márúwá wá sí ọ̀dọ̀ wa. Báyìí ni ó ṣe di pé ìyá tí mo fi owó òrùlé rẹ̀ ra kọ́bọ́ọ̀dù ni ó wá ń wo kọ́bọ́ọ̀dù tó wú náà lójoojúmọ́. Kò sọ ohunkóhun sí i. Ì bá sàn kí ó bú mi.

Ohun tí mo kọ́ láti ìgbà náà wá ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti ṣe ilé ìdáná, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó jọ tí owó yín kò sì tó fi ṣòfò.

Kí ni óákù gan-an?

Igi óákù kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ olótùútù ni ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ ti ń hù, ní Yúróòpù, ní Amẹ́ríkà ti Àríwá àti ní Éṣíà. Irú rẹ̀ lé ní 400, ṣùgbọ́n méjì ni àwọn tó ń ta pákó láti Amẹ́ríkà máa ń dárúkọ jù: óákù funfun àti óákù pupa. Ìyàtọ̀ wọn ju ti àwọ̀ lọ. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú óákù funfun dí, omi kì í sì í tètè rí ọ̀nà gbà kọjá nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi í ṣe àgbá tí wọ́n ń rọ ọtí wisikí sí. Ti óákù pupa kò dí bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò yẹ ní ibi tí omi bá wà.

Igi tó wúwo tó sì le ni óákù, kò sí ẹni tó lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé Èkó, yóò ti wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá òkun. Ní tòótọ́, iwájú ilé wa gan-an ni yóò gbà kọjá, nítorí Àpápá ni ẹnu ọ̀nà orílẹ̀-èdè yìí. Ọdún 1921 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn ibùdókọ̀ olómi jíjìn àkọ́kọ́ ní etí omi Àpápá, nígbà tó sì di ọdún 1977 ni wọ́n ṣí èbúté Tin Can kún un. Owó ọkọ̀ ojú omi, owó orí ẹrù àti owó àjàgbé tó gbé e jáde ní èbúté, gbogbo rẹ̀ ni oníbàárà yóò san. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta óákù fún yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ dúró kí ẹ wò ó dáadáa.

Bí ẹ ṣe lè mọ igi yàtọ̀ sí bébà

Kì í ṣe pé ohun tó jọ óákù burú ní gbogbo ọ̀nà. Bébà tí wọ́n ya àwòrán óákù sí, tí wọ́n wá lẹ̀ mọ́ pákó àlẹ̀pọ̀, wúlò fún kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tàbí fún ibi ìkówèésí tí omi kì í dé. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni kí a ta á gẹ́gẹ́ bí igi. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo fi ń dá wọn mọ̀ nísinsìnyí.

Èkíní, ẹ wo etí pákó náà. Bí ó bá jẹ́ igi, ìlà tó wà lójú rẹ̀ yóò bá etí rẹ̀ mu, ẹ ó sì rí òpin ìṣàn igi náà níbi tí ayùn ti gé e. Bí ó bá jẹ́ bébà, ẹ ó rí ọ̀já tín-ín-rín kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ etí, ìlà ojú kò sì ní bá ti etí tan.

Èkejì, ẹ fi ilẹ̀kùn méjì tàbí mẹ́ta wéra. Ọlọ́run kò dá igi méjì kí ìlà ara wọn má yàtọ̀. Bí ojú igi kan náà, tàbí ìlà kan náà, bá ń padà wá lára ilẹ̀kùn kejì àti ìkẹta, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló yà á.

Ẹ̀kẹta, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní àjákù kékeré lára pákó tí wọ́n fẹ́ lò, kí ẹ sì fi í sínú abọ́ omi di ọjọ́ kejì. Èyí tí a fi ìyẹ̀ pákó ṣe yóò wú, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í sì í padà sí bí ó ti wà mọ́. Bí ẹni tó ń tajà bá kọ̀ láti fún yín ní àjákù, ó ti dáhùn ìbéèrè yín.

Lọ́dọ̀ bàbá káfíńtà

Màmá mi ló mú mi lọ sí ọ̀dọ̀ káfíńtà tó tún òrùlé rẹ̀ ṣe, nítorí òrùlé náà ni a kọ́kọ́ ṣe pẹ̀lú owó tó kù lọ́wọ́ wa. Ọmọ Ìlàjẹ ni bàbá náà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì jìnnà sí ọjà Boundary, níbi tí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ti pààlà. Ní Ajégúnlẹ̀, Ìlàjẹ, Ìjọ́, Urhobo, Ígbò, Haúsá àti Yorùbá ni ó ń gbé pọ̀ nínú àgbàlá kan, kò sì sí iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ ó wá kù níbẹ̀. Bàbá náà sọ fún mi pé ọkọ̀ ojú omi ni bàbá òun ń gbẹ́ ní etíkun. Ó ní ẹni tó bá ti gbẹ́ igi tí yóò sùn nínú omi tí yóò sì jí nínú omi kì í bẹ̀rù síńkì.

Mo kí i pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá.” Mo fi àwòrán óákù orí fóònù mi hàn án, mo sì béèrè bóyá ó lè bá mi ṣe irú rẹ̀.

Ó wo àwòrán náà títí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ pé, “Ìyàwó, igi àlejò ni èyí. Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ ilé tó jọ ọ́.”

Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, ó sì gbé pákó kan jáde tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí oyin. Ó fi sáńpépà ha ojú rẹ̀ díẹ̀, ó sì fi aṣọ tútù nù ún. Ìlà ara rẹ̀ yọ jáde kedere. Bí ẹ bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán ọwọ́ mi, ẹ kò ní mọ èwo ni èwo. Mo béèrè orúkọ rẹ̀, ó ní ìdígbó ni.

Mo padà délé, mo wá ìtàn igi náà kiri. Ìdígbó ń hù nínú igbó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, láti Guinea títí dé Kamẹrúùnù. Emire ni wọ́n ń pè é ní Gánà, framiré ni wọ́n ń pè é ní Côte d’Ivoire, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn oníṣòwò pákó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ni idigbo, orúkọ Yorùbá gan-an, láìyí ohunkóhun padà àfi àmì ohùn tí wọ́n yọ kúrò. Wọ́n sì ń fi í ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé lọ́hùn-ún ní ipò óákù, nítorí pé ó jọ ọ́, ó sì fúyẹ́ jù ú lọ. Ronú sí i pé mo ń fi gbogbo agbára mi wá igi tí yóò jọ igi àwọn ará ibẹ̀, nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń ra igi tiwa láti fi dípò tiwọn.

Igi wo ni ó yẹ fún ibo?

Bàbá káfíńtà kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ síbẹ̀. Ó to pákó márùn-ún síwájú mi, ó ní kí n gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n sì gbóòórùn wọn.

Arère ni èkíní. Ó funfun, ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gé. Ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, omi sì ń tètè bà á jẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi arère ṣe abẹ́ síńkì fún yín.

Afàrà ni èkejì. Òun náà mọ́ lára, ó sì dára fún inú dúróà àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù òkè, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Kò lágbára láti bá ọ̀rinrin jà.

Ọ̀gànwó ni ẹ̀kẹta, igi tí àwọn ìyá wa ń fi èèpo rẹ̀ se àgbo. Pupa ni, ó máa ń dán bí a bá fi fánníṣì kùn ún, ilé ìdáná tí a bá sì fi í ṣe máa ń ní iyì. Ṣùgbọ́n bí ilé ìdáná yín bá ṣókùnkùn, yóò tún fi òkùnkùn kún un.

Ìrókò ni ẹ̀kẹrin. Ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀, omi kì í tètè rà á. Ó ní ìṣòro tirẹ̀: nígbà mìíràn òkúta máa ń wà nínú rẹ̀ tí yóò bu eyín ayùn jẹ, eruku rẹ̀ sì ń mú kí ènìyàn máa sín, kí ara sì máa yún un. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ nínú ilé tí ọmọdé wà.

Ìdígbó ni ìkarùn-ún. Kì í tètè jẹrà, kì í fì bí ó bá ti gbẹ dáadáa, àwọ̀ rẹ̀ sì ń mú ìmọ́lẹ̀ wọlé. Kò le tó óákù, nítorí náà bí ìkòkò bá já lù ú, yóò ní àpá.

Mo béèrè bóyá igi tí a rà lónìí ni a lè lò lọ́la. Ó ní rárá. Pákó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìlagi dé ṣì ní omi nínú. Bí a bá kàn án bẹ́ẹ̀, yóò gbẹ lára ògiri, yóò sì tẹ̀ tàbí kí ó là. A gbọ́dọ̀ tò ó sábẹ́ ìbòòji, kí a fi igi pẹlẹbẹ ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn kọjá fún oṣù mélòó kan. A máa ń sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Pákó tí bàbá náà lò fún wa ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

Nítorí owó, a kò fi ìdígbó ṣe gbogbo rẹ̀. Àpótí inú kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí ojú kì í rí, ni a fi pílááwúù tó lè fara da omi ṣe, èyí tí àwọn káfíńtà ń pè ní mẹrín bọ́ọ̀dù, tí ó nípọn tó mílímítà 18. Ilẹ̀kùn, ojú dúróà àti férémù iwájú nìkan ni ìdígbó. Ẹni tó bá wọlé yóò rò pé igi ni láti òkè délẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dín owó kù, ibẹ̀ ni kí ẹ ti dín in, kì í ṣe lára híńjì tàbí irin tí dúróà fi ń yọ́ jáde. Híńjì burúkú yóò ba ilẹ̀kùn rere jẹ́.

Abẹ́ síńkì ni a ṣọ́ jù. Kọ́bọ́ọ̀dù náà kò fara kan ilẹ̀: ó dúró lórí ẹsẹ̀ oníke tí gíga rẹ̀ jẹ́ íńṣì 4, pákó kan tó ṣeé yọ sì bo iwájú ẹsẹ̀ náà. Bí omi bá dà, a ó rí i, a ó sì nù ún. Ẹ̀yìn abẹ́ síńkì ni a fi sílẹ̀ láìfi pákó dí i, kí a lè máa yẹ páìpù wò lóṣooṣù.

Ẹ wọn ara ènìyàn kí ẹ tó wọn ògiri

Nígbà tí bàbá káfíńtà wá wọn ilé ìdáná wa, mo rò pé ògiri ni yóò kọ́kọ́ wọ̀n. Ó ní kí n pe màmá mi wá.

Mo ní láti sọ ohun kan tí ojú ń tì mí láti sọ. Láti ìgbà tí màmá mi ti dé ọ̀dọ̀ wa ni kì í ti í wọ ilé ìdáná. Obìnrin tó fi búkà tọ́ ọmọ mẹ́rin ní Ajégúnlẹ̀ ń jókòó sí pálọ̀, ó ń dúró de kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé kí ó tó jẹun. Mo rò pé àárẹ̀ ni, tàbí pé ó ṣì ń bínú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo tètè délé, tí mo bá a lórí àga, tí ó gun orí rẹ̀ láti mú agolo iyọ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù òkè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún láti ọdún mẹ́ta wá. Nígbà tó rí mi, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ibi ẹran.

Ó ní, “Ọmọ mi, ilé ìdáná rẹ lẹ́wà. Ọwọ́ mi ni kò tó o.”

Kọ́bọ́ọ̀dù tí mo yàn nítorí àwòrán kò ní ibì kankan fún ìyá mi. Ní ọdún 1926, obìnrin ayàwòrán ilé kan, Margarete Schütte-Lihotzky, ya ilé ìdáná kékeré kan fún àwọn ilé òṣìṣẹ́ ní ìlú Frankfurt ní Jámánì, tí wọ́n sì ṣe tó bí 10,000 irú rẹ̀. Kí ó tó ya á, ó ka ìṣísẹ̀ tí obìnrin ń gbé láti ibi iná dé ibi síńkì, ó sì ń wá bí yóò ṣe dín in kù. Láti ara iṣẹ́ yẹn ni kọ́bọ́ọ̀dù tò-ní-ìlà tí gbogbo wa ń ṣe lónìí ti wá. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ béèrè ni ti ara ẹni tó ń dáná. Bàbá káfíńtà tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí béèrè ohun kan náà.

Ó ní kí màmá mi dúró, kí ó ká ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń gé ilá. Ó wọ̀n láti ilẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ náà: íńṣì 38. Tèmi jẹ́ íńṣì 41. Ibi tí a ó ti máa ṣiṣẹ́, ó ní, yẹ kí ó fi íńṣì 4 sí 6 rẹlẹ̀ ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, kí èjìká má bàa máa ro ènìyàn. Íńṣì 36 ni àwọn tó ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù sábà máa ń lò, ó sì bá mi mu. Kò bá màmá mi mu. Nítorí náà a ṣe é ní ìpele méjì: ẹ̀gbẹ́ síńkì ga ní íńṣì 36, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ga ní íńṣì 33, pẹ̀lú àyè lábẹ́ rẹ̀ tí àpótí ìjókòó lè wọ̀.

Jíjìn kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ jẹ́ íńṣì 24, ti òkè jẹ́ íńṣì 12, àlàfo àárín wọn sì jẹ́ íńṣì 18. Ìkòkò, epo, iyọ̀ àti ẹ̀wà wà nínú dúróà ńlá ní ìsàlẹ̀, níbi tí a ti lè fà wọ́n jáde láìbẹ̀rẹ̀ púpọ̀. Àwo àlejò àti ìkòkò ayẹyẹ ni ó wà lókè. Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ kí ẹ tó ya àwòrán kankan. Ẹni tó ní àpò gààrí àti kéègì epo pupa kò lè lo ilé ìdáná ẹni tí ó ń ra búrẹ́dì nìkan.

Bí a ṣe ṣe é lẹ́wà

Igi tó ní ìlà púpọ̀ kò fẹ́ ohun mìíràn tí yóò máa bá a du ojú. Ògiri wa funfun bí wàrà, táìsì ẹ̀yìn ibi ìdáná náà sì funfun láìní òdòdó kankan lára. Bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀, ẹ lọ sí ibi tí ó ṣeé pààrọ̀: àwa fi àdìrẹ aláwọ̀ aró ṣe kọ́tìnnì kékeré sí fèrèsé, aró àti àwọ̀ oyin sì bá ara wọn mu dé ibi tí àlejò fi máa ń béèrè ẹni tó yàn án. Igbá fífín méjì àti apẹ̀rẹ̀ alùbọ́sà ni ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tí a ń lò ni a fi ṣe ọ̀ṣọ́.

Iná kékeré aláwọ̀ ìyeyè ni a fi sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù òkè, kí òjìji ẹni tó ń gé ata má bàa bo ọ̀bẹ. Iná funfun gbòò máa ń sọ ìdígbó di ràndánràndán.

Fánníṣì tí kò dán púpọ̀ ni mo yàn, a sì kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mẹta, títí kan ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àti etí rẹ̀. Ẹ̀yìn tí a kò bá kùn ni ọ̀rinrin yóò gbà wọlé. Afẹ́fẹ́ Àpápá ní iyọ̀ òkun nínú, ó sì ní èéfín àwọn àjàgbé, nítorí náà aṣọ tí a fi omi ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ rẹ, tí a sì fún gbẹ, ni a fi ń nù ún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Àṣìṣe tèmi

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo gbé kànìnkànìn onírin tútù lé orí etí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí fánníṣì ti ha, mo sì sùn lọ. Ní òwúrọ̀, àmì dúdú bí yíǹkì wà níbẹ̀, kò sì lọ fún ọṣẹ. Mo ké sí bàbá káfíńtà. Ó ní òun ti gbàgbé láti kìlọ̀ fún mi: ìdígbó àti óákù jọra nínú ìwà yìí pẹ̀lú. Oje kíkan kan wà nínú àwọn méjèèjì tí kì í bá irin gbé bí omi bá wà láàárín wọn, ńṣe ni yóò dúdú. Ó fi sáńpépà ha á, ó sì tún un kùn. Nítorí náà, ìdè tí kì í dógùn-ún àti ọwọ́ ilẹ̀kùn onídẹ ni kí ẹ lò. Ẹ má sì fi aṣọ funfun tútù sílẹ̀ lórí ìdígbó tí a kò kùn, nítorí yóò pọ́n.

Pákó bàbá mi

Ó ku ohun kan. Ní ilé wa ní Ajégúnlẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ kan wà tí bàbá mi, kí ó tó jáde láyé, fi ìrókò kàn fún màmá mi nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ búkà. Lẹ́yìn àgbàrá náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì ti yẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ti já, ṣùgbọ́n pákó òkè rẹ̀ le bí ọjọ́ tí wọ́n kàn án. Bàbá káfíńtà wò ó, ó ní yóò tó gẹ́lẹ́ fún ìpele íńṣì 33 ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

N kò lè dáhùn. Mo ti fi owó òrùlé ṣe ohun tí ó wù mí lẹ́ẹ̀kan, n kò tún fẹ́ mú ohun tí kì í ṣe tèmi. Mo lọ bá màmá mi, mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì nípa òrùlé náà, èyí tí n kò tíì fi ẹnu ara mi sọ láti ọjọ́ tó ti dé. Lẹ́yìn náà ni mo béèrè nípa pákó.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Òrùlé ti kọjá, a ti bò ó. Ní ti pákó, bàbá rẹ kò kàn án kí ó lè máa jókòó nínú òkùnkùn. Kí wọ́n gé e. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe fá àpá ọ̀bẹ tó wà ní igun rẹ̀ kúrò. Níbẹ̀ ni mo ti ń gé pọ̀nmọ́.”

Wọn kò fá a. Pákó ìrókò náà ti ṣókùnkùn, ìdígbó tó yí i ká ṣì mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo nǹkan bá ara wọn mu yóò sọ pé kò yẹ. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò bí mo bá wọlé.

Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ báyìí, òórùn ata díndín ni ó ń pàdé mi ní àtẹ̀gùn. Màmá mi yóò ti jókòó lórí àpótí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, yóò máa ṣa ẹ̀wà lórí pákó bàbá mi, dúróà iyọ̀ yóò sì ṣí sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ orúnkún rẹ̀. A ti parí òrùlé Ajégúnlẹ̀ láti oṣù kẹwàá. Kò tíì sọ pé òun fẹ́ lọ, àwa náà kò sì béèrè.